Ìwọlé Kì í Ṣe Ìwé Iṣẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Gbígba Òṣìṣẹ́ Àjèjì ní Akpro-Missérété

Ẹni tó ni iléèwé aládàáni ní Vakon, ní Akpro-Missérété, tó gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan láti Ìdìròkọ̀ ní Nàìjíríà, kò ní rò ó lọ́kàn pé àjèjì lòun gbà síṣẹ́. Èdè kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, ó sì lè jẹ́ pé ẹbí wọn ti fẹ́ra rí. Bí ó bá gba káfíńtà láti Togo, tàbí ọdẹ alóru láti Niger, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè físà lọ́wọ́ wọn ní bodè, kí ló tún kù? Ohun tó kù yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ gan-an ni agbanisíṣẹ́ ti ń ṣìnà, òṣìṣẹ́ ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

Akpro-Missérété kì í ṣe ìlú ńlá. Kọmúùnù kan ni ní ẹkùn Ouémé ní orílẹ̀-èdè Benin, ní apá àríwá Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 79 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ìkànìyàn ọdún 2013 bá ènìyàn 127,249 níbẹ̀. Àdúgbò márùn-ún ló pín sí: Akpro-Missérété fúnra rẹ̀, Gomè-Sota, Katagon, Vakon àti Zoungbomè. Ègùn, Tọ̀rí àti Yorùbá ni èdè tí ènìyàn ń gbọ́ níbẹ̀. Bodè Ìgólò, tó kọjú sí Ìdìròkọ̀, kò jìnnà. Ti Ṣẹ̀mẹ́ náà kò jìnnà. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti iléeṣẹ́ ńláńlá: iléèwé ni, ilé kíkọ́ ni, oko ni, ìsọ̀ wẹ́dà àti ti mẹkáníìkì ni, ilé oúnjẹ ni. Àwọn agbanisíṣẹ́ kéékèèké wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù, nítorí iléeṣẹ́ ńlá ní lọ́yà tirẹ̀.

Kí ó tó di ọ̀rọ̀ òfin, ó yẹ ká rántí ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889. Ọjọ́ yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ní Paris, tí wọ́n sì fa ìlà láti odò Àjàrá lọ sókè. Àjàṣẹ́, Ìtàkété tí wọ́n ń kọ ní Sakété, àti Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ìpókíá àti Ìdìròkọ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè. Nítorí náà, nígbà tí ará Missérété bá ní òun kò ka ará Ìdìròkọ̀ sí àjèjì, kì í ṣe pé kò mọ nǹkan. Ó mọ ìtàn. Ṣùgbọ́n ìtàn kọ́ ni ọlọ́pàá tàbí adájọ́ máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé.

Wọ́n dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1975. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1979, àwọn olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn fàlàlà ní Dakar. Àdéhùn náà ní ìpele mẹ́ta, wọ́n sì fún un ní ọdún 15 láti parí. Èkíní ni ẹ̀tọ́ ìwọlé: ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ òmíràn láì gba físà, kó sì lo 90 ọjọ́, bí ó bá ní ìwé ìrìnnà tó péye àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èkejì ni ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú kí a sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àdéhùn tiẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 1986. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ láti dá òwò tàbí iléeṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Banjul ní 1990.

Ìpele kìíní ni gbogbo ayé mọ̀. Awakọ̀ Ṣẹ̀mẹ́ mọ̀ ọ́n, ìyá aláṣọ mọ̀ ọ́n. Ìpele kejì ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà, òun ni kò sẹ́ni tó ń kà. Ohun tó sọ kò ṣòro: ọmọ ECOWAS ní ẹ̀tọ́ láti wá iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà, kó sì ṣe é, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba káàdì ìgbélùú lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba kò sí nínú ẹ̀tọ́ náà àyàfi bí òfin ìlú bá gbà á láàyè. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó bófin mu, kí wọ́n má ṣe yà á sọ́tọ̀ sí ọmọ ìlú nípa ààbò iṣẹ́ rẹ̀, ìwòsàn, àti ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n má sì ṣe kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde lágbo kan láì gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ìdí tí wọ́n fi kọ gbólóhùn ìkẹyìn yìí sínú ìwé ní 1986 kò pamọ́ fún ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún mẹ́ta ṣáájú. Màá padà síbẹ̀.

Ibì kan wà nínú àdéhùn 1986 tó dà bíi pé Akpro-Missérété àti Ìdìròkọ̀ ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Ó mẹ́nu kan òṣìṣẹ́ ẹnubodè: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kan, tí ilé rẹ̀ sì wà ní èyí tó múlé gbè é, tó ń padà sílé lójoojúmọ́ tàbí, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Olùkọ́ tó ń kọjá ní Ìgólò láàárọ̀, tó sì ń sùn ní Ìdìròkọ̀ lálẹ́, òun gan-an nìyẹn. Kò tíì lo 90 ọjọ́ rí ní Benin nítorí kò sùn síbẹ̀ rí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kó lọ wá ìwé ìgbélùú ń ní kó wá ìwé ibi tí kò gbé. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní tòótọ́, ó ń gba owó oṣù níbẹ̀, bí àjà iléèwé bá sì wó lù ú, Benin ni yóò ti ṣẹlẹ̀. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ gbígbé àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ máa ń jọ rìn.

Kí ni òfin Benin fúnra rẹ̀ wá sọ? Òfin iṣẹ́ tó ní nọ́ńbà 98-004, ti ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1998, ní kí àjèjì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olówó oṣù, kí àdéhùn rẹ̀ sì wà ní àkọsílẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ló ń fúnni ní ìwé náà. Ìwé ìgbélùú ní ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwọlé àti ìjáde àjèjì ló wà ní Kútọnu. Ìwé méjì ni, ọ́fíìsì méjì ni. Ẹni tó rí ọ̀kan gbà kò tíì rí èkejì. Mo ti gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá iléèwé pé, “Ó ní káàdì, kò séwu.” Káàdì wo? Bó o bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn a dákẹ́.

Òfin fi àyè sílẹ̀ fún àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè. Agbanisíṣẹ́ tó bá gba ọmọ ECOWAS lè wí pé àdéhùn 1986 ti gba ẹni náà sílẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ agbanisíṣẹ́ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dá ẹjọ́ yìí fún ara rẹ̀. Kó kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́, kó dárúkọ orílẹ̀-èdè òṣìṣẹ́ náà àti iṣẹ́ tó fẹ́ gbé fún un, kó gba èsì, kó sì fi èsì náà sínú fáìlì. Lẹ́tà kan yẹn sàn ju kí ènìyàn mẹ́wàá máa sọ fún un ní ìsọ̀ pé kò sí nǹkan kan.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ní ìyàn jíjà rárá, nítorí wọn kò fi ọmọ onílùú yàtọ̀ sí àjèjì. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Benin jẹ́ 40,000 sẹ́fà láti 2014. Ó di 52,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Òfin kò sọ pé ti ọmọ Benin nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àjọ CNSS, tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, owó ìrànwọ́ ọmọ àti ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ń san ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù fún ìrànwọ́ ẹbí, ó ń san 6.4 fún ọjọ́ ogbó, ó sì tún ń san láàárín 1 sí 4 fún ewu iṣẹ́, bí iṣẹ́ náà bá ṣe léwu sí. Òṣìṣẹ́ ní tirẹ̀ ń san 3.6. Bíríkìlà tó wá láti Togo, tó já láti orí àkàbà ní Katagon, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a ó kàn fún ní owó ọkọ̀ kó padà sílé. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà ní CNSS, owó ìtọ́jú rẹ̀ ní ẹni tí yóò san án. Bí kò bá sí níbẹ̀, agbanisíṣẹ́ ni gbèsè náà wà lọ́rùn rẹ̀, bí òfin bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibi tí òfin Benin ti rọ̀ jù fún agbanisíṣẹ́ ni òfin 2017-05, ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2017. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tí a bá gbà síṣẹ́ fún àkókò tó lópin, a kò lè máa tún àdéhùn rẹ̀ ṣe títí láé kí a tó gbà á tán pátápátá. Òfin tuntun ní kò sí òdiwọ̀n mọ́, a lè tún un ṣe iye ìgbà tó bá wuni. Ìjọba ní yóò jẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní yóò sọ ẹ̀rù di aṣọ tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀. Fún ọmọ ìlú, ó ṣòro tó. Fún àjèjì tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ rọ̀ mọ́ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀gá tó bá kọ̀ láti tún àdéhùn ṣe lè ba ìgbélùú ènìyàn jẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Èmi kò rí ìdí tí wọn kò fi ya àwọn àjèjì sọ́tọ̀ nínú òfin yẹn, kí wọ́n fún wọn ní oṣù díẹ̀ láti wá iṣẹ́ mìíràn.

Ó yẹ ká ya àwọn òṣìṣẹ́ náà sí ìsọ̀rí, nítorí kò sí òfin kan ṣoṣo tó bo gbogbo wọn.

Ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Ghana wà lábẹ́ ECOWAS nìkan. Ọmọ Togo, ọmọ Côte d'Ivoire àti ọmọ Senegal wà lábẹ́ ECOWAS, wọ́n sì tún wà lábẹ́ UEMOA, àjọ àwọn tó ń ná sẹ́fà, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 1994. Àpilẹ̀kọ 91 nínú ìwé UEMOA fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti wá iṣẹ́ àti láti ṣe é láìsí ìyàsọ́tọ̀, yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìjọba. Títí di ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó bìkítà fún ìyàtọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025 ni Niger, Mali àti Burkina Faso jáde pátápátá kúrò ní ECOWAS. Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ní Benin bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: ọdẹ alóru mi tó wá láti Niger ńkọ́? ECOWAS ní kí wọ́n ṣì máa gba ìwé ìrìnnà tó ní àmì àjọ náà lọ́wọ́ wọn títí wọ́n ó fi ṣe ìpinnu tuntun. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dúró gbọn-in fún un jù ni pé Niger kò kúrò ní UEMOA. Ọ̀nà tí ọdẹ náà gbà ń ṣiṣẹ́ ní Missérété kò dí, ó kàn yí ẹsẹ̀ padà sí ọ̀nà míì ni. Ó dùn mọ́ni nínú díẹ̀ pé sẹ́fà, tí àwọn ènìyàn ń bú lójoojúmọ́, ló mú un dúró.

Àwọn tó wá láti ìta gbogbo rẹ̀, bí ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù, Íńdíà àti Ṣáínà, kò ní àdéhùn kankan tó gbà wọ́n. Físà, ìwé àṣẹ iṣẹ́, ìwé ìgbélùú: gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Ọmọ Áfíríkà tó wá láti òde ECOWAS wà láàárín. Ní oṣù Kẹjọ 2016, nígbà tí Ààrẹ Patrice Talon lọ sí Kigali, ó kéde pé Benin ti mú físà kúrò fún gbogbo ọmọ Áfíríkà. Ìpinnu tó dára ni, ṣùgbọ́n òun náà ti mú àṣìṣe kan pọ̀ sí i: ọ̀pọ̀ gbà pé bí físà kò bá sí, iṣẹ́ ti di fàlàlà. Ọmọ Cameroon tó wọlé láì gba físà kò tíì gba ìwé iṣẹ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìwé wọ̀nyí jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé tí kò ní ohun gidi ṣe. Ìtàn àwọn ará Benin fúnra wọn ló kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn. Ní ìgbà Faransé, Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà yẹn, ni wọ́n ti ń kó akọ̀wé àti olùkọ́ lọ sí àwọn ìlú mìíràn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kàwé jù. Ní oṣù Kẹwàá 1958, àwọn ènìyàn Abidjan dìde sí wọn, wọ́n jó ilé, wọ́n fọ́ ìsọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi padà sí Kútọnu. Ní ìparí 1963, nígbà tí Niger àti Dahomey ń jà lórí erékùṣù Lété, Niger ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ará Dahomey máa lọ. Ní 1978, lẹ́yìn tí Ààrẹ Kérékou ti Benin àti Ààrẹ Bongo ti Gabon ti bára wọn fa ọ̀rọ̀ nítorí àwọn jagunjagun àjèjì tó kọlu Kútọnu ní oṣù Kìíní 1977, Gabon lé àwọn ará Benin tó sún mọ́ 10,000.

Àwọn tó lọ sí Abidjan, Niger àti Gabon yẹn ní ìwé tí ó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àwa lónìí lọ, òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú wọn. Ìwé kò gbà wọ́n. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mò ń ta ìwé bí oògùn. Bí òṣèlú bá ti gbóná, kò sí òǹtẹ̀ tó tutù tó láti pa á.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn yòókù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó máa lọ. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: ará Ẹ̀jìgbò, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Kumasi àti Tamale láti ìgbà àwọn baba wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba ìwé tí wọn kò wá fún ọdún ogójì. Wọ́n ta ilé ní owó yẹpẹrẹ, wọ́n gba ìlú Togo àti Dahomey kọjá padà sílé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983, ó kan Nàìjíríà: Mínísítà Alhaji Ali Baba ní kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ láàárín ọjọ́ 14. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ni, ọmọ Ghana ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ará Benin àti ará Togo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìjọba Ààrẹ Shagari fi gbèjà ara rẹ̀ ni pé wọ́n ti lo ju 90 ọjọ́ tí àdéhùn 1979 fún wọn lọ, pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìgbàwé. Gbólóhùn kan náà tí agbanisíṣẹ́ Missérété kò fẹ́ gbọ́ lónìí ni wọ́n fi lé àwọn ènìyàn jáde nígbà yẹn. Àwọn agbanisíṣẹ́ tó gbà wọ́n ní Èkó kò sì dúró ní ojú òpópónà pẹ̀lú wọn.

Nàìjíríà náà ti yí ọ̀nà rẹ̀ padà léraléra látìgbà náà. Òfin ìwọlé-wọ̀de ti 1963 ti kúrò, ti 2015 ló wà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gba àjèjì tí kì í ṣe ọmọ ECOWAS gbọ́dọ̀ ní ìyọ̀ǹda iye àjèjì tó lè gbà, òṣìṣẹ́ náà sì ń gba káàdì CERPAC. Ọmọ ECOWAS ń gba káàdì ìgbélùú tirẹ̀. Ní oṣù Keje 2019, Ààrẹ Buhari bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn àjèjì tó ti lo ju 90 ọjọ́ lọ, ó sì fún wọn ní oṣù mẹ́fà kí wọ́n ṣe é láì san nǹkan kan. Àwọn tó ń tẹ́ táìlì ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Benin àti Togo, àwọn gan-an ni ètò náà wà fún. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀, kò sì ṣí i padà títí di oṣù Kejìlá 2020. Wọ́n ní kí ènìyàn wá forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní oṣù Kejì 2024, Ààrẹ Tinubu gbé owó orí àjèjì jáde, 15,000 dọ́là lọ́dún fún ọ̀gá àgbà àti 10,000 fún òṣìṣẹ́ mìíràn. Kí oṣù kan tó pé, wọ́n dá a dúró. Ohun tí agbanisíṣẹ́ lè kọ́ níbẹ̀ ni pé òfin lè yí láàárín oṣù kan, ẹni tí fáìlì rẹ̀ pé ló lè dúró.

Níbòmíràn, ẹrù náà ti wà lórí agbanisíṣẹ́ pátápátá. Ní Britain, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó lè pe òṣìṣẹ́ láti òkèèrè, bí wọ́n bá sì bá òṣìṣẹ́ tí kò ní ẹ̀tọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó ìtanràn tó ga jù fún ìgbà àkọ́kọ́ gòkè láti 15,000 pọ́n-ùn sí 45,000 lórí ẹnì kan ní oṣù Kejì 2024. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó níbẹ̀ mọ ìyà tó wà nínú rẹ̀: bí ọ̀gá bá pàdánù àṣẹ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ní àkókò kúkúrú láti wá ọ̀gá mìíràn tàbí kó padà sílé. Èmi kò fẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ fún Missérété. Ó ń fi òṣìṣẹ́ sí abẹ́ ọ̀gá ju bó ti yẹ lọ.

Ohun kan wà tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ ìwé rárá, tó sì yẹ kí àwọn tó ń gba ọmọ ọ̀dọ̀ ní Àjàṣẹ́ àti Èkó gbọ́. Ní 2001, ọkọ̀ ojú omi Etireno gbéra ní Kútọnu lọ sí Gabon, ayé sì gbọ́ nípa àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó lọ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ní 2003, wọ́n rí ọmọ Benin tó lé ní 200 níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta, púpọ̀ nínú wọn láti agbègbè Za-Kpota, wọ́n sì dá wọn padà sílé. Nàìjíríà àti Benin fọwọ́ sí àdéhùn lórí kíkó ọmọ lọ ṣiṣẹ́ ní oṣù Kẹfà 2005, Benin sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2006. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ní Benin. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé tí a lè gbà. Ẹni tó bá gbà á síṣẹ́ ti ṣẹ̀, bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá.

Padà sí Missérété. Tí mo bá ní kí n dá ẹ̀bi fún ẹnì kan, màá kọ́kọ́ dá a fún ìjọba, kó tó kan agbanisíṣẹ́. Ẹni tó ní iléèwé kékeré kan tí olùkọ́ mẹ́fà wà nínú rẹ̀ kò lè máa lọ sí Kútọnu lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gba ìwé fún ẹnì kan. Ọkọ̀ ń gba owó, ọjọ́ ń lọ, àwọn kan sì wà níta ọ́fíìsì tó máa ń ní àwọn lè bá a ṣe é kíá bí ó bá ní nǹkan lọ́wọ́. Nítorí náà ó jókòó, ó ń retí pé kí ẹnikẹ́ni má bèèrè. Lójú òfin, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òfin tí a kò lè pa mọ́ láì fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ló ń ràn lọ́wọ́.

Àwọn agbanisíṣẹ́ náà sì ní ẹ̀bi tiwọn. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ pé òṣìṣẹ́ tí kò ní ìwé kò lè lọ jábọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbìkan. Wọ́n ń san 30,000 sẹ́fà fún un, wọ́n á sì ní, “Ṣebí o mọ̀ pé o kò ní káàdì.” Èyí kì í ṣe àìmọ̀kan. Ìrẹ́jẹ ni, ó sì ń ṣe ọmọ Benin níbi náà, nítorí ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ ní 30,000 kò ní gba ọmọ ìlú ní 52,000.

Mo bẹ àwọn tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ níbẹ̀, láti Gomè-Sota dé Zoungbomè: ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ ní èdè Faransé, kí ẹ sì ka á fún òṣìṣẹ́ ní Yorùbá tàbí ní Ègùn kí ó tó fọwọ́ sí i. Ẹ fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS kí oṣù àkọ́kọ́ tó parí. Ẹ wo ìwé ìrìnnà rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tó wọlé sí ibì kan, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ìwé náà pamọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun ìní rẹ̀ ni. Ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́, kí ẹ sì dúró de èsì kí ẹ tó gbà pé ECOWAS ti yanjú ohun gbogbo.

Mo sì bẹ mẹ́rì Akpro-Missérété àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀. Kí ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ kan lóṣù, kí àwọn agbanisíṣẹ́ kéékèèké lè fi ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kí wọ́n máa lọ sí Kútọnu. Kí ẹ sì kọ́ pátákó kan sẹ́nu ọ̀nà, ní Faransé, Ègùn àti Yorùbá, tó sọ iye owó ìwé kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó yẹ kí a san án fún.